Fírísà ọtí tí kọ̀ǹpútà ń darí: ta ni ká fi súìṣì lé lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú. Mo máa ń pọn bíà díẹ̀díẹ̀ nílé, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ooru yàrá kì í jẹ́ kó dùn. Ó máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, orí a sì máa fọ́ èèyàn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ooru ló fà á. Mo ti ra dípù-fírísà àlòkù kan, mo sì ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi nílẹ̀. Mo fẹ́ kí Pi yìí máa wo ìgbóná ọtí, kó máa tan fírísà, kó máa pa á, kí n máa rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi. Àwọn kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe? Ẹ má sì gbàgbé bí iná NEPA ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

* * *

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ nípa ooru, àbúrò. Yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe bíà onírú ale fẹ́ nǹkan bíi dígírì 18 sí 20, ti lager fẹ́ 8 sí 12. Kò sí yàrá ní Abẹ́òkúta tó máa fún ẹ ní ìyẹn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé yíìsì náà ń mú ooru tirẹ̀ jáde bó ṣe ń jẹ ṣúgà. Lọ́jọ́ tí ọtí bá ń hó gidi, ó lè fi dígírì 3 sí 5 gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Yàrá wà ní 29, inú ike ti ń lọ sí 33. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò ń sọ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ní ti ohun tí o béèrè gan-an, ọ̀nà mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan ní kí o ra èyí tó ti ṣe tán, irú Inkbird ITC-308: sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn ìgbóná, ihò iná méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń mú nǹkan tutù, ọ̀kan fún ohun tó ń mú un gbóná. O tẹ nọ́ḿbà tí o fẹ́ sí i, o bá tìrẹ lọ. Àwọn kejì ní kí Raspberry Pi ṣe gbogbo rẹ̀, torí kí la tún ń pè ní kọ̀ǹpútà? Àwọn kẹta kì í pariwo púpọ̀. Wọ́n ní kí o pe oníṣẹ́ fíríìjì kó yọ táámósítáàtì fírísà, ìyẹn ohun tó ń tàn án tó sì ń pa á bó bá ṣe tutù sí, kó fi ti fíríìjì rọ́pò rẹ̀, ó tán. Ìyẹn dára fún bíà tó ti ṣe tán tí o fẹ́ mu ní tútù. Kò lè bá ọ di ọtí mú ní dígírì 18, nítorí táámósítáàtì fíríìjì ò mọ̀ ju dígírì díẹ̀ sókè òdo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé àwọn kẹta yìí lọ, ọ̀rọ̀ wọn ṣì máa wúlò.

Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ọlọ́dẹ má di kọ́kọ́rọ́ ilé mú. Jẹ́ kí Pi máa wò, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó máa ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Nǹkan mìíràn tó kéré, tó gọ̀ díẹ̀, tí kò ní ju iṣẹ́ kan lọ, ni kó di súìṣì fírísà mú.

* * *

Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló dé. Pi ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tó ti jáde ní oṣù kejì ọdún 2012 ni àwọn tó ń pọntí nílé ti ń so ó mọ́ fíríìjì. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí. Orí káàdì kékeré bíi ti fóònù ni Pi ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, káàdì yẹn lè bàjẹ́. Iná á dé, Pi ò ní jí. Ìyẹn ṣì jẹ́ èyí tó sàn, nítorí fírísà náà á wà ní pípa, ọtí á kàn gbóná díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó burú ni kí kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún Pi, dákú nígbà tí fírísà wà ní títàn. Relay, súìṣì tí kọ̀ǹpútà fi ń tan fírísà tó fi ń pa á, ò mọ̀ pé ẹni tó rán òun níṣẹ́ ti kú. Ó máa dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Dígírì -18 ni dípù-fírísà ń forí lé, bẹ́ẹ̀ bíà tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi -2. O lọ sóde ní Sátidé, o padà dé ní Sunday, o bá yìnyín nínú ike, ike ti sán.

Fún ìdí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn bí àwọn BrewPi ṣe ṣe tiwọn. Ẹ̀rọ tó ń darí ìgbóná ọtí ni, láti Netherlands ló ti jáde, àwọn tó ń pọntí nílé mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Arduino, pátákó kékeré tí kì í ṣe ju iṣẹ́ kan tí a kọ fún un lọ, ni wọ́n fi súìṣì lé lọ́wọ́. Pi kàn ń ya gíráàfù, ó ń fi í han lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí Pi bá kú, Arduino ò gbọ́, ọtí ò sì gbọ́.

Lónìí, ESP32 lèmi máa rà dípò Arduino, pátákó kékeré irú rẹ̀ ni. Ó ní Wi-Fi lára, owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pi, kí iná dé báyìí ó ti jí. Tí o ò bá fẹ́ kọ kóòdù púpọ̀, ESPHome, ètò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú pátákó yìí, máa ṣe é: o kọ ìlà díẹ̀ pé sẹ́ńsọ̀ rèé, relay rèé, dígírì tí mo fẹ́ rèé. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Bí wọ́n ṣe ṣe ESPHome ni pé tí kò bá rí kọ̀ǹpútà tó ń bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó máa pa ara rẹ̀, á tún jí. Tí Wi-Fi bá lọ, bákan náà. Nílé tí ráútà ti ń kú tó ń jí pẹ̀lú iná, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó di fírísà mú á máa kú, á máa jí ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Wá ibi tí wọ́n kọ reboot_timeout sí, kí o sọ ọ́ di 0s, lábẹ́ api (ibi tó ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) àti lábẹ́ wifi.

* * *

Ará wa kan láti Leeds, ní Britain, kọ̀wé pé òun ò gbà. Ó ní Pi òun ti ń darí fíríìjì tipẹ́, kò dákú rí, àti pé Pi náà ní watchdog lára tó lè jí i tí kóòdù bá dúró. Ó ní à ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Òótọ́ ni pé watchdog wà lára Pi. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tan án, kó tan án. Àmọ́ watchdog ò lè tún káàdì tó ti bàjẹ́ ṣe. Ní Leeds, tí iná bá lọ, ó di ohun tí àdúgbò ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tó wà lórí Band A pàápàá, tí ìlànà sọ pé kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, wákàtí 4 ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa bọ́ sí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní Leeds lè ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta fún ìgbà díẹ̀.

Àríyànjiyàn tirẹ̀ kejì lágbára jù. Ó ní tí sẹ́ńsọ̀ bá wà ní ọwọ́ ESP32, tí gíráàfù sì wà ní ọwọ́ Pi, ìdààmú ti di méjì dípò ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fara mọ́ ìdààmú méjì tí ọ̀kan nínú wọn ò lè ba ọtí jẹ́.

Ó tún rán wa létí pé ní Britain, òtútù ni ọ̀tá lóṣù January, kì í ṣe ooru. Fíríìjì tí wọ́n gbé sí gáráàjì lè tutù ju bí yíìsì ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ agbónáfẹ́fẹ́ kékeré sínú rẹ̀, wáàtì 40 sí 60. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ má fi gílóòbù ṣe é láìbò ó. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, jẹ́, òórùn tó máa ń fún un kò dára rárá, ìdí tí ìgò bíà fi máa ń jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ nìyẹn. Àbúrò tó béèrè ò nílò ẹ̀ka yìí, kódà nínú ọyẹ́. Kó má wulẹ̀ so ohun tó ń mú nǹkan gbóná mọ́ ọn.

* * *

Bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Mushin dá sí i, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín ka ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ẹ máa pa á, ẹ máa tàn án, ẹ máa pa á, ẹ máa tàn án. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á jóná, ẹ tún máa wá bá wa."

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo dọ̀bálẹ̀. Tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, gáàsì ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ń ti nǹkan gidi, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ti rọ̀. Ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí méjèèjì tó dọ́gba. Tí wọ́n bá tàn án kó tó dọ́gba, kò ní lè yí. Á kàn máa kùn, á máa fa iná, títí overload tó ń ṣọ́ ọ á fi já iná rẹ̀. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ jóná.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni tí ẹ bá ń rò pé kọ̀ǹpútà ló ń fà á. Kóòdù tí kò ní sùúrù ló ń fà á. Ẹ sọ fún un pé tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ti dúró, kò gbọ́dọ̀ tún tàn títí ìṣẹ́jú 5 yóò fi kọjá. Lórí ESPHome, min_cooling_off_time ni wọ́n ń pè é, ẹ kọ 300s síbẹ̀. Kí ẹ tún fi àyè sílẹ̀ láàrin títàn àti pípa: tí ẹ bá fẹ́ 19, kó tàn ní 19.5, kó pa ní 19. Ẹni tó bá ń lé ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì ń fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣeré. Yíìsì ò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ irú kóòdù yìí lókè òkun kì í sábà rò, NEPA ló ń kọ́ni. Tí iná bá lọ, tó sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, ESP32 ti gbàgbé pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Lójú tirẹ̀, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó wo sẹ́ńsọ̀, ó rí i pé ọtí gbóná, ó tàn án lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó bá jí, ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe ni kó dúró fún ìṣẹ́jú 5 láìfọwọ́ kan relay, ohun yòówù kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ. Dídúró yìí tún dára fún ìdí mìíràn: nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo fíríìjì àdúgbò ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, iná á lọ sílẹ̀ débi pé gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó bá fẹ́ dìde lásìkò yẹn ń wá wàhálà. Stabilizer tó ní ìdádúró lára máa ràn án lọ́wọ́, ó sàn ju èyí tó ń gbé iná kọjá lójú ẹsẹ̀.

Bàbá tún bú relay aláwọ̀ búlúù kékeré tí wọ́n kọ 10A sí lára. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Dípù-fírísà kékeré lè máa fa ampere kan péré tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń dìde, ó ń fa ìlọ́po ìyẹn lọ́nà púpọ̀. Irin méjì inú relay kékeré yẹn lè lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, kó má ṣí mọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 30A sí, tàbí kí ẹ jẹ́ kí relay kékeré máa tan contactor, ìyẹn súìṣì ńlá tó lè gbé iná púpọ̀. Àwọn kan ní ká lo solid state relay, èyí tí kò ní irin tó ń ṣí tó ń pa dé nínú, torí kì í dún. Òótọ́ ni pé kì í dún, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, ní títàn ló sábà máa ń kú sí. Èmi fẹ́ gbọ́ ìró "kà" yẹn. Láti orí ibùsùn mo lè mọ̀ pé ó tàn, tí mo bá sì gbọ́ "kà, kà, kà" tẹ̀léra, mo ti mọ̀ pé wàhálà ń bẹ nílẹ̀.

Ibi tí mo ní kí ẹ má tíì lé àwọn kẹta lọ nìyí. Ẹ jẹ́ kí Bàbá tàbí ẹlòmíràn bá yín fi táámósítáàtì fíríìjì sínú fírísà yẹn, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé kọ̀mpírẹ́sọ̀, kí ẹ wá fi kọ̀ǹpútà yín síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí relay bá lẹ̀ pọ̀, táámósítáàtì yẹn máa pa á kó tó dé òdo. Yíìsì á sùn, bíà ò ní dì. Irin àti gáàsì lásán ni, kò nílò Wi-Fi.

* * *

Sẹ́ńsọ̀. Ibí yìí ni owó àti àkókò ń lọ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀.

DS18B20 ni gbogbo ayé ń lò, èyí tí wọ́n fi irin bò tí wáyà mẹ́ta wà lára rẹ̀. Kò ju ààbọ̀ dígírì lọ ni ó fi lè ṣì, láti -10 dé 85. Fi resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù) 4.7 kiloohm sáàárín wáyà iná àti wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀, ó tán. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà púpọ̀. Tí o bá so ó mọ́ Pi, wo inú /sys/bus/w1/devices: nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 28-0000 ni ti gidi máa ń ní. Tí òdo mẹ́rin yẹn ò bá sí níbẹ̀, ayédèrú ni. Ayédèrú mìíràn ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, mi ò sọ pé kí o jù ú nù. Fi í sínú omi tó kún fún yìnyín, kí o wò ó bóyá ó sún mọ́ òdo.

Wàyí o, nọ́ḿbà méjì wà tí kóòdù rẹ ò gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ láéláé. Ọ̀kan ni 85. Ohun tí DS18B20 máa ń sọ nìyẹn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì wọn nǹkan kan. Iná tó gbọ̀n díẹ̀ ti tó láti jẹ́ kó sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà á gbọ́ á rò pé ọtí ti ń sè, á tan fírísà. Èkejì ni -127, èyí tí kóòdù Arduino tí ọ̀pọ̀ ń lò máa ń fún ẹ tí wáyà bá já. Tó o bá ní ẹ̀rọ agbónáfẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, ìyẹn á tan án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá ju 45 lọ tàbí tó bá wà lábẹ́ -5, kó jù ú nù. Tí sẹ́ńsọ̀ ò bá sọ nǹkan gidi fún ìṣẹ́jú 10, kó pa ohun gbogbo, kó sì ránṣẹ́ sí ẹ.

Ibo ni ká fi í sí? Ìjà ńlá nìyẹn. Àwọn kan ní inú afẹ́fẹ́ fírísà, àwọn kan ní inú ọtí gan-an. Tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ìgbà tí o bá ṣí ìdérí ni á máa bẹ̀rù, ọtí sì lè fi dígírì 4 gbóná jù ú lọ láìmọ̀. Inú ọtí dára, ṣùgbọ́n o nílò ọ̀pá irin tó mọ́ tí o máa ti sẹ́ńsọ̀ bọ̀, kòkòrò sì lè bá a wọlé. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé mo ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọtí dé, mo wá fi ègé fóòmù ibùsùn tó nípọn bíi ìka méjì bò ó, mo tún fi téèpù yí i ká. Fóòmù yẹn ni ọ̀gá. Láìsí i, afẹ́fẹ́ lò ń wọ̀n. Pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí ara ike ń sọ máa ń sún mọ́ ohun tó wà nínú ọtí gan-an.

Kí o wá fi sẹ́ńsọ̀ kejì kọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí ni pé omi máa ń pẹ́ kó tó yí ọkàn padà. Kí lítà 20 tó lè lọ láti 30 dé 20, ooru tó tó kílójúù bíi 840 ló gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀. Tí fírísà bá ń kó wáàtì 100 lọ, ó lé ní wákàtí 2, ìyẹn tí ohun gbogbo bá dán mọ́rán. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ara ògiri fírísà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Nígbà tí ọtí bá fi máa dé 20 tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì dúró, òtútù tó wà lára ògiri ṣì ń fà á lọ sí 17, 16. Nítorí náà, sọ fún un pé bí ọtí ò tilẹ̀ tíì dé ibi tí a fẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ti dé 10, kó sinmi. Lórí gíráàfù á hàn kedere: ìlà afẹ́fẹ́ á máa lọ sókè sódò bí eyín ayùn, ìlà ọtí á máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì jókòó síbi tó yẹ.

* * *

Ẹnìkan wọlé ó ní kí lẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu sí, ìyá ìyá òun ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kò ní fíríìjì, kò ní kọ̀ǹpútà, ọtí náà sì ń dùn.

Ó ń dùn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà fẹ́ kíkan yẹn, kòkòrò tó ń mú un kan wà lára adùn rẹ̀, ọjọ́ kan sí méjì sì ni wọ́n fi ń mu ún tán. Bíà tí àbúrò ń wá yàtọ̀, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló fẹ́ fi pa á mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ọkà bàbà ò lè ṣe irú bíà yẹn, lọ́dún 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì (ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà) wọlé, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà ilẹ̀ wa yí sí, a sì ń mu ún lọ.

Ẹni náà ní ibì kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìmọ̀ o. Yíìsì wà tí kò kọ ooru. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Norway ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní kveik, dígírì 35 sí 40 ò tu irun kan lára rẹ̀, kì í sì í rùn burúkú. Àbúrò, tí owó bá há, ra ìyẹn kí o fi pọn èyí tó kàn ní yàrá, kí iṣẹ́ fírísà tó parí. Àmọ́ kò ní fún ẹ ní lager.

Ìyá kan tún kọ̀wé pé ọbẹ̀ ni fíríìjì wà fún, kì í ṣe ọtí. Ẹ má bínú, Mà. Àwọn ọlọ́tí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ náwó sí i. Ní àwọn ọdún 1870, nílé ìpọntí Spaten ní Munich, ni Carl von Linde ti dán ẹ̀rọ amómitutù rẹ̀ àkọ́kọ́ wò, nítorí wọ́n fẹ́ pọn lager nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọbẹ̀ kàn wá bá wọn níbẹ̀ ni.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iná, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè pọ̀ sí jù.

Inverter ńkọ́? Tí o bá ní èyí tó lè gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ dìde, kú oríire. Tí o ò bá ní, má ra ọ̀kan nítorí bíà. ESP32 àti ráútà ni kí o fi sórí bátìrì, power bank kékeré lè gbé wọn, kí wọ́n máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná ò sí. Fírísà fúnra rẹ̀, omi ni bátìrì rẹ̀. Kó ike omi lítà kan àti ààbọ̀ sí gbogbo àyè tó bá ṣẹ́ kù. Fírísà tó kún fún omi dígírì 18 kì í yára gbóná bí èyí tó ṣófo. Dípù-fírísà tún dára ju fíríìjì onílẹ̀kùn lọ níbí, torí òkè ni ó ń ṣí, òtútù ò ní ṣàn jáde.

Jẹ́ kí kóòdù mọ̀ pé iná lọ. Kó má máa pariwo "ọtí ń gbóná!" ní gbogbo ìṣẹ́jú nígbà tí o ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó yẹ kó jí ẹ lóru ni kí iná wà, kí relay wà ní títàn, kí ọtí sì máa gbóná síbẹ̀. Ìyẹn ni pé gáàsì ti tán tàbí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti dákẹ́. Èkejì ni kí relay wà ní pípa, kí ọtí máa tutù lọ. Relay ti lẹ̀ nìyẹn, lọ fa wáyà yọ.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan: má ki orí bọ inú fírísà náà nígbà tí ọtí bá ń hó. Lítà 20 tó máa di bíà ìdá 5 máa tú gáàsì carbon dioxide (CO2) tó tó nǹkan bíi lítà 400 jáde kó tó parí, gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú fírísà ló máa jókòó sí, o ò sì ní rí afẹ́fẹ́ mí níbẹ̀. Ṣí ìdérí, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, dúró díẹ̀. Má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ó ní òun ti rí ESP32, òun ti rí oníṣẹ́ táámósítáàtì, ṣé kí òun lu ihò sára fírísà kí wáyà sẹ́ńsọ̀ lè wọlé?

Rárá o! Fíríìjì kan wà tí páìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn níta, ṣùgbọ́n ti dípù-fírísà, inú ògiri ni wọ́n sin ín sí yípo. O ò lè rí i. Tí dríìlì bá kan án, gáàsì tú, fírísà kú nìyẹn. Tí wọ́n bá sì kọ R600a sẹ́yìn rẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni, iná dríìlì sì wà lọ́wọ́ rẹ. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ò nípọn: gbà á kọjá lábẹ́ rọ́bà ìdérí, ní igun ibi tí híǹjì wà, kí o fi téèpù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tí o bá rí i pé ó ń fi àyè sílẹ̀, ní kí káfíńtà ṣe férémù pákó yípo tí ìdérí á jókòó lé, ara pákó yẹn ni kí o lu ihò sí bó ṣe wù ẹ́. Férémù náà á jẹ́ kí ike tó ga wọlé.

Ní ti wáyà iná, kí ẹni tó mọṣẹ́ bá ẹ fi relay sínú àpótí tó ní ìdérí, kó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin fírísà, kó sì fi fíúùsì síwájú rẹ̀. Àpótí yẹn, ara ògiri ni kí o kàn án mọ́. Má gbé e lé orí fírísà, omi máa ń kán síbẹ̀.

Tí o bá ti so sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, kọ nọ́ḿbà wọn ránṣẹ́ síbí ká bá ẹ wò ó bóyá ti gidi ni.